Lọ́dọ̀ Oníwèé Ìròyìn ní Garki

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo wà yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kó bébà sílẹ̀ fún èrò níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnìkejì sọ ohun tó kà. Ní Garki, l'Ábújá, ẹ ò tíì ní ka àkọlé tán tí ẹlòmíì á ti dá sí i.

Ọmọ Ọ̀fà ni ẹ̀gbọ́n tó ni àtẹ tí mo máa ń dúró sí. Ó máa ń gbé òkúta lé bébà kọ̀ọ̀kan nítorí atẹ́gùn ọyẹ́. Bó bá rí i pé mo ti pẹ́ jù lórí ìdúró, á ní, "Àbúrò, ìwọ ń fojú jẹun, èmi ń febi sùn." Ẹni tí kò lè rà á lè fún un ní owó díẹ̀, kó kà á níbẹ̀, kó sì ká a padà dáadáa, torí èyí tí kò bá tà, ó ní láti dá a padà. Èyí tó bá ti ya, ó di gbèsè sí i lọ́rùn.

Tribune tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1949 ń bẹ níbẹ̀, Daily Trust ti Ábújá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Yar'Adua lọ gbàtọ́jú ní Saudi Arabia ní ìparí 2009, àtẹ yẹn di ilé ẹjọ́. Àwa ọmọ Yorùbá ń pariwo pé òfin ti sọ ọ́, kí Jonathan tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Alhaji ará Àríwá kan tó máa ń ra Trust ní, "Ọbásanjọ́ lo ọdún 8. Ọdún mélòó ni tiwa máa jẹ́?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Àmọ́ mo ra Trust lọ́jọ́ náà, mo sì rí i pé ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀tàn, ìbẹ̀rù ìrẹ́jẹ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tí àwọn aṣòfin sọ Jonathan di adelé ní February 2010, Alhaji ò bá wa yọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kí wa.

Fóònù mi ò jẹ́ bá mi jiyàn bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tẹ́ mi lọ́rùn ló ń kó wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà l'Ábújá, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: ta ló ṣì ń pàtẹ bébà ládùúgbò yín, èló sì ni ẹyọ kan báyìí?