Kí Ẹ Tó Fún Un Ní Idà, Ẹ Fún Un Ní Oúnjẹ

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tó jókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń dá ọmọ ogun orí ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀-ọba àròsọ, pàápàá èyí tí a fi Róòmù ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Mo ti ka àwọn orí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ọba kan bínú, ó pe ọmọ ogun 20,000, wọ́n wọ ẹ̀wù pupa, wọ́n gbé àṣíá tó ní ère ẹyẹ idì lórí, kó tó di ojú ewé kẹta wọ́n ti la aṣálẹ̀ já. Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo wá ibi tí wọ́n ti jẹun, n kò rí i. Mo wá ẹni tó ń san owó wọn, n kò rí i. Mo wá ohun tí ọba ṣèlérí fún wọn fún ọjọ́ ogbó, n kò rí ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, bí ẹ bá sì gbọ́ tí mo ń pa dà sórí rẹ̀, ẹ má bínú. Ohun tí ìjọba jẹ ọmọ ogun ni ogun Róòmù dúró lé: oúnjẹ òní, owó iṣẹ́ ọdún yìí, àti ilẹ̀ tàbí owó ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n ń san gbèsè yẹn, Róòmù ń jọba. Nígbà tí wọn kò san án, ọmọ ogun Róòmù fúnra rẹ̀ ló ń pa ọba Róòmù.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ikùn bẹ̀rẹ̀, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láyé Augustus, ọba ńlá àkọ́kọ́ ní Róòmù, àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tí wọ́n ń pè ní légíónì máa ń tó nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń sùn nínú àgọ́ kan, àwọn mẹ́jọ náà ló jọ ń dáná, ìbáaka kan ló sì ń ru àgọ́ wọn àti ọlọ tí wọ́n fi ń lọ àlìkámà. Àgọ́ mẹ́wàá wà lábẹ́ balógun ọ̀rún kan. Polybius, ará Gíríìkì tó bá àwọn ọ̀gágun Róòmù gbé, kọ ìwọ̀n àlìkámà tí wọ́n ń fún ọmọ ogun lóṣù sílẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó sún mọ́ kílò kan fún ẹnì kan lójúmọ́. Légíónì kan á wá jẹ tọ́ọ̀nù márùn-ún lójoojúmọ́, 150 lóṣù. Tírélà márùn-ún ni ìyẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù, a kò sì tíì ka òróró, ọtí kíkan, ẹran, àti ọkà báálì tí ẹṣin àti ìbáaka ń jẹ. Àwọn kò ní tírélà. Kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ni wọ́n ní, màlúù náà á sì máa jẹun lójú ọ̀nà.

Odò ló gbà wọ́n. Ẹ gbé máàpù Yúróòpù síwájú yín. Mainz àti Xanten wà létí odò Rhine. Budapest àti Belgrade wà létí odò Danube. Ibùdó légíónì wà ní gbogbo ibẹ̀ nígbà kan. A máa ń kọ́ni pé odò yẹn ni ààlà tí ọ̀tá kò gbọdọ̀ rékọjá, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n òun náà ni ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé ẹrù púpọ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yàwòrán ilẹ̀-ọba rẹ̀, kó kọ́kọ́ fa odò, lẹ́yìn náà ni kó tó mọ odi. Vegetius, tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ ogun nígbà tí agbára Róòmù ti ń lọ sílẹ̀, sọ ọ́ láìfi bò pé ebi ń run ọmọ ogun ju ìjà lọ. Nítorí náà, ọ̀tá inú ìtàn yín kò nílò idà tó ń yọ iná. Ẹ jẹ́ kó mọ ibi tí àká wà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró sí. Kí Augustus tó dé, ìjọba kò ní ètò kan pàtó fún ọmọ ogun tó bá ti parí iṣẹ́. Ọ̀gágun tó kó o lọ sógun ló ń wá ilẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí ọ̀gágun Marius ti ń gba àwọn tí kò ní ilẹ̀ wọṣẹ́ ogun, lọ́dún 107 ṣáájú ìbí Kristi, ọmọ ogun ti mọ ẹni tó yẹ kó sin: ẹni tí yóò fún un nílẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó fa ogun abẹ́lé léraléra. Augustus tó jàǹfààní rẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ dópin. Lọ́dún 6 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó dá àpò owó ọmọ ogun sílẹ̀, ó fi mílíọ̀nù 170 owó sesterce tirẹ̀ sí i, ó sì gbé owó orí méjì kalẹ̀ láti máa bọ́ ọ: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ogún tí ènìyàn bá jẹ, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí wọ́n bá tà ní gbàǹjo. Owó iṣẹ́ ọmọ ogun lásán jẹ́ dínárì 225 lọ́dún, sesterce mẹ́rin ló sì wà nínú dínárì kan. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ dínárì 3,000. Ju owó ọdún mẹ́tàlá lọ nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ọkùnrin tó ń retí irú owó bẹ́ẹ̀ yóò fara da òtútù.

Ṣùgbọ́n ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbèsè náà dọ́gbọ́n. Lọ́dún 14, Augustus kú lóṣù kẹjọ. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà dé Pannonia, níhà Danube, tí légíónì mẹ́ta fi dìtẹ̀. Ọmọ ogun lásán kan, Percennius, tó ti jẹ́ aṣáájú àwọn apàtẹ́wọ́ nílé eré rí, ló dìde bá wọn sọ̀rọ̀. Tacitus tó kọ ìtàn náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀: àwọn kan ti sin ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún tàbí ogójì, bí wọ́n bá fún wọn nílẹ̀ tán, àbàtà ni tàbí orí òkè, nínú owó iṣẹ́ kékeré yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó aṣọ, owó ohun ìjà, owó àgọ́, àti rìbá fún balógun ọ̀rún kó má bàa nà wọ́n. Balógun ọ̀rún kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lucilius. “Mú Òmíràn Wá” ni àwọn ọmọ ogun sọ ọ́, nítorí bó bá na ènìyàn tí ọ̀pá àjàrà rẹ̀ ṣẹ́ sí i lẹ́yìn, á pariwo pé kí wọ́n mú òmíràn wá. Wọ́n pa á lásìkò ọ̀tẹ̀ yẹn. Létí odò Rhine, níbi tí àwọn mìíràn ti dìtẹ̀ bákan náà, àwọn arúgbó ọmọ ogun gba ọwọ́ Germanicus, ọ̀gágun wọn, bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó, wọ́n sì ti ìka rẹ̀ bọ ẹnu ara wọn, kó fọwọ́ kàn án pé eyín ti tán níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sínú ìwé yín! Ọkùnrin tí kò léyín mọ́, tó ṣì gbé asà lọ́wọ́, tó ń retí oko tí wọ́n ṣèlérí fún un nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún.

Òṣùpá ṣókùnkùn lóru kan, ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́tẹ̀, wọ́n pa Percennius, ọ̀tẹ̀ Pannonia sì rọlẹ̀. Dínárì kan lójúmọ́ ni wọ́n béèrè. Wọn kò rí i gbà. Owó náà dúró sí 225 títí di ìgbà ọba Domitian, nǹkan bí 70 ọdún lẹ́yìn náà, kó tó di 300.

Àwọn kan wà, wọ́n sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí, tí wọ́n máa ń bá mi jiyàn pé ìhámọ́ra àti idà kúkúrú ló jẹ́ kí Róòmù borí. Wọ́n lè fi odindi alẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdè èjìká ẹ̀wù irin. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ Varus, ọ̀gágun Róòmù kan. Lọ́dún 9, légíónì rẹ̀ mẹ́ta, ìkẹtàdínlógún, ìkejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, kú sínú igbó Jámánì pẹ̀lú ìhámọ́ra àti idà kan náà. Arminius, ará Jámánì tó pa wọ́n, ti jagun fún Róòmù rí, ó ti di ọmọ onílùú Róòmù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tò lójú ọ̀nà àti ìgbà tí ìlà wọn máa ń gùn jù. Kí ni irin fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin onírin!

Alága ti ń wo aago. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Vindolanda, bùdó ọmọ ogun Róòmù kan, dáadáa, ṣùgbọ́n mo máa sáré. Níbẹ̀, ní àríwá Bírítéènì, láti ọdún 1973, àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń rí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ ogun fi yíǹkì kọ̀wé sí. Ọ̀kan jẹ́ iye ọmọ ogun Tungria, àwọn ará ibi tó di Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. 752 ni orúkọ wọn. 456 kò sí nílé: púpọ̀ wà ní bùdó mìíràn, balógun ọ̀rún kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú 296 tó kù, 31 kò lè ṣiṣẹ́, ojú ló ń dun mẹ́wàá nínú wọn. 265 ló kù tó lè jà. Ẹ rántí 20,000 yín tí gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Pátákó mìíràn ń béèrè bíà, òmíràn ń sọ nípa ìbọ̀sẹ̀ àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, òmíràn ń wá owó fún àlìkámà tí ó ti rà, ó ní ọ̀nà ti bàjẹ́.

Àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ọmọ Róòmù: iṣẹ́ ọdún 25, lẹ́yìn náà ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú Róòmù. Gbèsè náà ni. Ẹ̀ṣọ́ ọba lọ́dún 193: wọ́n pa ọba Pertinax, wọ́n ta ipò ọba ní gbàǹjo, Didius Julianus fi 25,000 sesterce fún ẹnì kọ̀ọ̀kan rà á, ó fi ọjọ́ 66 jọba. Septimius Severus tó borí lẹ́yìn náà, ọmọ Leptis Magna ní Líbíyà òde òní, sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kú ní York lọ́dún 211 pé kí wọ́n wà níṣọ̀kan, kí wọ́n sọ ọmọ ogun di ọlọ́rọ̀, kí wọ́n má ka ẹlòmíràn sí. Mo ti ń múra láti sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ yàrà yí bùdó ká lójoojúmọ́ nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan dìde lẹ́yìn.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti sọ̀rọ̀ ikùn, ẹ ti sọ̀rọ̀ owó. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi wà ní bùdó. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?”

Mo pa ìwé mi dé. Ìbéèrè yẹn tóbi ju ohun tí mo kọ wá lọ, òun ni mo sì fi ìyókù àkókò dáhùn.

Òfin kò gba ọmọ ogun lásán láyè láti gbéyàwó títí di nǹkan bí ọdún 197, nígbà tí Severus tú u sílẹ̀. Ọ̀gá bùdó lè mú ìyàwó wá. Ní Vindolanda, Claudia Severa kọ̀wé sí ìyàwó ọ̀gá bùdó náà, Sulpicia Lepidina, pé kó wá bá òun ṣe ọjọ́ ìbí. Àwọn yòókù kò dúró de òfin. Abúlé hù sẹ́yìn odi, obìnrin ń tajà níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Wọ́n rí bàtà ọmọdé wà jáde ní Vindolanda. Ìwé idẹ tí wọ́n ń fún ọmọ ogun àjèjì lẹ́yìn ọdún 25 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ obìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, títí di ọdún 140 ó sì ń sọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí náà di ọmọ Róòmù. Nítorí náà, ọmọbìnrin mi, gbèsè kẹrin wà tí n kò kà: ààbò ilé rẹ̀ nígbà tí òun ń ṣọ́ ilé ẹlòmíràn.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọba bá jẹ gbèsè yẹn. Severus Alexander, ọba mìíràn tó jẹ lẹ́yìn Severus, kó ọmọ ogun Rhine àti Danube lọ bá Páṣíà jà. Àwọn ará Jámánì rékọjá odò lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti ń pa àwọn ẹbí wọn nílé, ọba ni wọ́n dá lẹ́bi. Lọ́dún 235, nítòsí Mainz, àwọn ọmọ ogun pa òun àti ìyá rẹ̀.

Lọ́dún 360, ọba Constantius ní kí Julian, igbákejì rẹ̀, fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́rin àti àwọn mìíràn ránṣẹ́ láti Gaul, ilẹ̀ Faransé òde òní, sí ìlà-oòrùn. Lára wọn ni àwọn tó wọṣẹ́ lórí àdéhùn pé wọn kò ní í kó àwọn kọjá òkè Alps. Ẹnì kan ju ìwé sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ Petulantes, ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn: wọ́n ń lé wa lọ sí òpin ayé, àwọn Alamanni, ẹ̀yà Jámánì, yóò tún kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Julian ka ìwé náà, ó ní kí wọ́n fún àwọn ẹbí wọn ní kẹ̀kẹ́ ẹrù ìjọba kí wọ́n lè bá wọn lọ. Kò tó. Lóru, ní Paris, wọ́n yí ààfin rẹ̀ ká, wọ́n gbé e sókè lórí asà, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn aláṣìíá kan dé e ládé. Ó ṣèlérí owó wúrà márùn-ún àti ìwọ̀n fàdákà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní, “Ṣé wọ́n dúró sílé nígbà náà, sà?”

Wọn kò dúró. Ní 362, Petulantes kan náà wà pẹ̀lú Julian ní Áńtíókù, ibi tó jìnnà sí Alps gan-an, wọ́n ń jẹ ẹran ẹbọ ní àjẹyó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kó ogun lọ bá Páṣíà, ibẹ̀ ló kú sí. Ohun tí wọ́n kọ̀ fún Constantius, wọ́n ṣe é fún un. Iṣẹ́ tí mo fún gbogbo yín nìyẹn kí a tó tún pàdé: ẹ kọ orí ìwé kan nípa ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, kí n mọ ohun tí wọ́n san fún un, kí n sì mọ ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.