Object Wo Lẹ Fẹ́ Dá Dúró?

Ẹ kú ìjókòó o. Breakpoint ni ọ̀rọ̀ wa lónìí: àmì tí à ń fi sára ìlà kóòdù kí ètò lè dúró níbẹ̀, ká ráyè yẹ inú rẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ láyé. Betty Holberton, ọ̀kan lára àwọn obìnrin mẹ́fà tó kọ́kọ́ ṣètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ENIAC ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi ń to ètò nígbà náà. Ibi tí wọ́n bá ti yọ wáyà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa dúró.

Lóde òní, nínú ètò tó kún fún class (àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan) àti object (ohun tí a fi class dá), ìlà kóòdù kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún object ń gbà kọjá. Nítorí náà, mímọ ìlà nìkan ò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ object tí ẹ fẹ́ dá dúró.

Ẹ wò ó báyìí. A ní class Account; balance (iye owó tó kù) wà nínú rẹ̀, method withdraw, ìyẹn iṣẹ́ tí object lè ṣe, ló sì ń yọ owó. Àkáǹtì 10,000 ni ètò ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré, èyí tí id rẹ̀ jẹ́ 4172, ni balance rẹ̀ ń kéré ju òdo lọ. Bí ẹ bá fi breakpoint lásán sínú withdraw, orí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ ó ti lo ọjọ́ yín. Ẹ fún un ní ìlànà tó máa tẹ̀ lé: `id == 4172`. Á jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá, á sì dá èyí dúró.

Bó bá wá jẹ́ pé withdraw kọ́ ló jẹ̀bi ńkọ́? Method mìíràn, níbi tí ọkàn yín ò lọ, lè máa kọ nǹkan sínú balance. Nígbà náà, balance gan-an ni kí ẹ máa ṣọ́. Nínú GDB, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe inú ètò (debugger), bí acct bá jẹ́ orúkọ tó ń tọ́ka sí object náà, ẹ tẹ `watch -l acct->balance`. Gbàrà tí iye inú rẹ̀ bá yí, ètò á dúró, ẹ ó sì rí ìlà tó yí i. Ẹ má fojú fo `-l` yẹn o. Bí acct bá jẹ́ ti inú function kan ṣoṣo, tí ẹ ò sì fi `-l` sí i, GDB á pa ìṣọ́ náà rẹ́ nígbà tí function yẹn bá parí. Ẹ má sì ṣọ́ nǹkan rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà: àyè 4 péré ni chip x86 (irú tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà) ní fún irú ìṣọ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ ogún (inheritance), níbi tí class kan ti ń jogún ohun tó wà nínú òmíràn, tún ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. SavingsAccount jogún Account, àmọ́ ó ní withdraw tirẹ̀. Ẹ fi breakpoint sínú withdraw ti Account, ètò ò dúró, ẹ wá gbà pé kò sẹ́ni tó pè é. Wọ́n pe withdraw. Ti ọmọ, ìyẹn SavingsAccount, ló jẹ́ ìpè. Bí ti ọmọ ò bá pe ti òbí, àmì yín ò ní dá object SavingsAccount kankan dúró.

Èyí tó máa ń ká mi lára jù ni ìlànà breakpoint tó ń pe method. `getBalance() < 0` dà bí ohun tí kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n bí getBalance bá ń lọ mú iye náà wá láti database (ibi tí à ń kó dátà pamọ́ sí) ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a pè é, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú object, debugger ti yí ohun tí ẹ fẹ́ wò padà kẹ́ ẹ tó wò ó. Àṣìṣe á pòórá níwọ̀n ìgbà tí breakpoint bá wà níbẹ̀, á sì padà dé tí ẹ bá yọ ọ́. Ẹ kọ `balance < 0` tààrà.