Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹni Tí Yóò Fi Ọ̀rọ̀ Tọ́jú Ìdààmú Ọkàn

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹni tó bá lójú àánú, tó sì mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú í sọ, ti tó láti tọ́jú ẹni tí ìdààmú ọkàn bá. Àánú ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni ìtọ́jú yìí, ìwádìí la sì fi ń mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, Aaron Beck, dókítà àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà máa ń ní èrò kan tó ń sáré gba ọkàn wọn kọjá, irú bíi "mi ò wúlò", tí wọ́n sì ń gbà á gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Inú àkíyèsí yìí ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT (Cognitive Behavioural Therapy) ti jáde, ìyẹn ìtọ́jú tí olùtọ́jú àti aláìsàn ti jọ ń yẹ èrò àti ìṣe aláìsàn wò kí wọ́n lè tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń bá lára mu.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ́ ọ? Akẹ́kọ̀ọ́ á gba ohùn ìjíròrò òun àti ẹni tó ń tọ́jú sílẹ̀, lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti fọwọ́ sí i, á sì gbé e tọ alábòójútó rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni tó ń gba ìtọ́jú sọ pé, "Kò sí ohun tí mo dáwọ́ lé tó yọrí," tí akẹ́kọ̀ọ́ sì yára dáhùn pé, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ń gbìyànjú." Ibẹ̀ gan-an ni alábòójútó máa dá ohùn náà dúró, nítorí pé ìtùnú yẹn ti pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ onítọ̀hún lẹ́nu. Wọn á jọ wá ìbéèrè tó sàn jù: "Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí tó mú èrò náà wá sí yín lọ́kàn?" Alábòójútó á ṣe bí aláìsàn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì béèrè títí ìbéèrè náà yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti ń wọni lára. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì kò lè ṣe é.

Òṣùwọ̀n tún wà. Ìwé ìbéèrè PHQ-9, tí wọ́n fi ń wọn bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe le tó, ní ìbéèrè 9 nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá; bí èsì rẹ̀ bá ṣe ga tó ni ìrẹ̀wẹ̀sì náà ṣe le tó. Tí èsì rẹ̀ kò bá wálẹ̀ bí ìtọ́jú ṣe ń lọ, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà padà.

Ní Zimbabwe, àwọn ìyá àgbà tí kì í ṣe dókítà ni wọ́n kọ́ láti jókòó ti aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n jọ wá ojútùú sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ara àwọn tí wọ́n tọ́jú yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Alábòójútó kò fi àwọn ìyá náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá olùtọ́jú, ẹ bi í léèrè ẹni tó ń bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.