Owó-Orí Ilé, Ẹ̀kọ́ Ọmọ: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Ń Pín Owó Ilé-Ìwé Ìjọba

Ní Amẹ́ríkà, àdírẹ́sì ilé yín ló sábà ń pinnu ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ yín máa lọ. Iye tí àwọn ilé àdúgbò yín tó sì wà lára ohun tó ń pinnu owó tí ilé-ìwé náà máa rí ná. Ẹ̀yin ará wa, ẹ fara balẹ̀ ká jọ tú u wò, torí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, ó sì ń dun ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Nàìjíríà, ó lè jọ yín lójú, torí lọ́dọ̀ tiwa, owó oṣù tíṣà kì í wá láti ara owó-orí ilé àdúgbò. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Àbújá ló ti ń wá, tí yóò gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Wọ́n gé ilẹ̀ náà sí agbègbè ilé-ìwé tó lé ní 13,000, èyí tí àwọn ará wa tó wà níbẹ̀ ń pè ní school district. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àpò tirẹ̀ àti ààlà tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń mú díẹ̀ wá, kì í sábà ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ìyókù, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò ló ń pín in gbé. Orí ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba ìpín ti àdúgbò jù. Ẹni tó nílé ń san án lọ́dọọdún. Ayálégbé náà ń san án, onílé ti kà á mọ́ owó ilé.

Kó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún 1968. Agbègbè ilé-ìwé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Edgewood. Nínú ọmọ ilé-ìwé 100 níbẹ̀, bí 90 ló jẹ́ ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, 6 àti díẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bàbá kan ń gbé níbẹ̀, Demetrio Rodriguez. Ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, iṣẹ́ páànù ló sì ń ṣe ní ibùdó àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ mọ́, àwọn àdán ló ń gbé inú ilé náà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tíṣà Edgewood ni kò ní ojúlówó ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ọmọ ilé-ìwé girama Edgewood dìde ní kíláàsì, wọ́n jáde sí títì, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Rodriguez àtàwọn òbí mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́.

Nínú San Antonio yìí kan náà, agbègbè mìíràn wà tó ń jẹ́ Alamo Heights. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì rí já jẹ. Ẹ wá wo ìṣirò tó wà níwájú yín yìí, òun gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́.

Bí a bá kó iye gbogbo ilé àti ilẹ̀ Edgewood jọ, tí a pín in sórí àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀, dọ́là 5,960 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní Alamo Heights, ó lé ní 49,000. Kí wá ni àwọn ará Edgewood ṣe? Wọ́n bu owó-orí tó ga jù lọ ní gbogbo agbègbè ìlú náà lé ara wọn: dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 5 lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ǹtì 85 péré ni àwọn ará Alamo Heights ń san lórí 100 tiwọn. Lẹ́yìn tí agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ti yọ ìpín tó gbọ́dọ̀ dá sínú ètò tí ìpínlẹ̀ fi ń pín owó fún ilé-ìwé, ohun tó kù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní Edgewood jẹ́ dọ́là 26. Ní Alamo Heights, dọ́là 333.

Ẹ ó rò pé ìpínlẹ̀ á dí àlàfo náà. Dọ́là 222 ni ètò ìpínlẹ̀ mú wá fún ọmọ Edgewood. Fún ọmọ Alamo Heights, ó mú 225 wá. Ọmọ olówó ló tún gba dọ́là mẹ́ta lé. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló gbè sẹ́yìn Edgewood: ó fún ọmọ tibẹ̀ ní 108, ó fún ti ọ̀hún ní 36. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 356 ló wà fún ọmọ Edgewood, 594 fún ọmọ Alamo Heights.

Mo pẹ́ lórí ìṣirò yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́, kódà lẹ́nu àwọn ará wa: pé àdúgbò tí ilé-ìwé rẹ̀ kò dára, àwọn òbí ibẹ̀ ni kò ka ẹ̀kọ́ sí. Kì í ṣe òótọ́. Lórí gbogbo 100 dọ́là tí ilé wọn tó, kò sí ẹni tó san tó àwọn òbí Edgewood ní San Antonio. Ọsàn tí wọ́n ń fún ni kò lómi nínú.

Kí ló wá dé tí ilé irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò fi níye lórí? Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́, ọwọ́ ìjọba sì wà nínú rẹ̀. Ní 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà dá Home Owners' Loan Corporation sílẹ̀ láti gba àwọn tí gbèsè ilé fẹ́ rì mọ́lẹ̀. Àjọ náà ya máàpù ìlú tó lé ní 200. Ẹ wo àwọ̀ ara rẹ̀: àwọ̀ ewé fún àdúgbò tó dára jù, búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà yẹ́lò, pupa ló wá gbẹ̀yìn, èyíinì ni ibi tí wọ́n kà sí eléwu fún ẹni tó fẹ́ yáni lówó. Fọ́ọ̀mù tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń kọ ọ̀rọ̀ sí ní àyè kan tí wọ́n ti ń béèrè bóyá aláwọ̀ dúdú ń gbé àdúgbò náà, àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n rí àdúgbò aláwọ̀ dúdú kí wọ́n má kùn ún ní pupa.

Federal Housing Administration, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, ló wá ṣe èyí tó burú jù. Òun ló ń ṣe onídùúró lọ́dọ̀ báǹkì fún ẹni tó fẹ́ yá owó ra ilé, kì í sì í fẹ́ dúró fún àdúgbò aláwọ̀ dúdú, tàbí ibi tí aláwọ̀ dúdú àti funfun ti dà pọ̀. Ọdún 1968 ni òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé léèwọ̀ tó jáde. Láàárín ìgbà náà, àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun ti ra ilé, ilé náà ti gbówó lórí, wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ilé tí wọn kò jẹ́ kí bàbá rà, ọmọ kò lè jogún rẹ̀, ilé-ìwé àdúgbò kò sì lè rí owó-orí kankan gbà lórí rẹ̀.

Ẹjọ́ Rodriguez gòkè dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1973, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin. Lewis Powell, tó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé rí ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ló kọ ìdájọ́ náà: ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò sí lára ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin Amẹ́ríkà dárúkọ, nítorí náà Texas kò rú òfin. Thurgood Marshall ta kò wọ́n. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ níbẹ̀, òun sì ni agbẹjọ́rò tó ṣíwájú nínú ẹjọ́ Brown, tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nínú òfin ilé-ìwé ní 1954. Nígbà tí ìròyìn ìdájọ́ náà dé etí Rodriguez, ohun tó sọ ni pé àwọn tálákà tún ti pàdánù.

Oṣù 16 lẹ́yìn náà ni ti Detroit dé. Àwọn aláwọ̀ funfun ti ń kó jáde nínú ìlú náà lọ sí àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká. Adájọ́ kan pàṣẹ pé kí wọ́n da àwọn ọmọ Detroit pọ̀ mọ́ ti agbègbè 53 tó wà láyìíká, kí bọ́ọ̀sì máa gbé wọn. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé e, márùn-ún sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan sí i. Marshall tún ta kò wọ́n. Ẹ fi ìdájọ́ méjèèjì wé ara wọn. Ti 1973 ní kò di dandan kí owó kọjá ààlà. Ti 1974 ní kò di dandan kí ọmọ kọjá ààlà. Lójú tèmi, láàárín oṣù 16 yẹn ni ààlà agbègbè ilé-ìwé gba agbára tó ní títí dòní.

Àwọn ará wa tó ń gbé ní Houston, ní Maryland, ní Atlanta mọ agbára ààlà yìí dáadáa. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ilé, kí wọ́n tó bi í léèrè iye yàrá, wọ́n á ti bi í pé school district wo ni. N kò bá òbí tó ń wá ohun rere fún ọmọ rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ti wà nínú iye ilé yẹn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó ilé náà, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kò tó tíṣà ibẹ̀ nìyẹn.

Ìyá aláwọ̀ dúdú kan ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, fi àdírẹ́sì bàbá rẹ̀ forúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì sílẹ̀ ní ilé-ìwé agbègbè kejì. Bàbá tó bí i lọ́mọ ni o, tó ń gbé níbẹ̀. Agbègbè náà gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó máa ṣọ́ ọ. Ní 2011, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì sùn sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ariwo pọ̀, gómìnà Ohio dín ẹ̀sùn tí wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí kù.

Ẹ jẹ́ ká yọjú sí kíláàsì. Ní oṣù Kíní ọdún 2018, òtútù ńlá mú ní Baltimore, ìlú tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú ilé-ìwé rẹ̀. Nǹkan bí ilé-ìwé 60, tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilé-ìwé ìlú náà, ni ooru kò ti wọlé bó ṣe yẹ. Àwòrán tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan fi àwọn ọmọdé hàn tí wọ́n wọ kóòtù jókòó nínú kíláàsì. Owó tí Baltimore sì ń ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún kì í ṣe èyí tó kéré jù rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un wá. Ilé tí wọn kò tún ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í padà bọ̀ sípò nítorí pé owó ọdún yìí dára díẹ̀, ọmọ tó sì ti ilé tí kò sí oúnjẹ wá ń fẹ́ ju ohun tí ọmọ olówó ń fẹ́ lọ.

Kì í sì í ṣe aláwọ̀ dúdú nìkan ni ọ̀ràn yìí bá. Ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Ohio, tí aláwọ̀ funfun tálákà pọ̀ sí, ilé-ìwé kan wà tí wọ́n ń fi èédú mú gbóná, àárọ̀ á mọ́, eruku èédú á ti bo tábìlì àwọn ọmọ. Ó wà nínú ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Ohio gbé kalẹ̀ ní 1997, pé ètò owó ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà lòdì sí òfin ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àwọ̀ ara ṣì ń sọ̀rọ̀. Ní 2019, àjọ EdBuild ṣírò rẹ̀ pé àwọn agbègbè tí aláwọ̀ funfun ti pọ̀ jù ń gba bílíọ̀nù 23 dọ́là ju àwọn agbègbè tí wọn kò ti pọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Àwọn kan máa ń ní owó kọ́ ni ìṣòro. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kirabo Jackson, Rucker Johnson àti Claudia Persico, tọpasẹ̀ àwọn ọmọ tí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ mú kí owó ilé-ìwé wọn lọ sókè, títí wọ́n fi dàgbà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 sọ pé bí owó ọmọ bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i fún gbogbo ọdún 12 tó fi wà nílé-ìwé, owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà á fi bí ìdá 7 ga sí i. Àwọn ọmọ tálákà ló jàǹfààní jù.

Níwọ̀n ìgbà tí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ti ti ilẹ̀kùn, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ni ìjà náà kó lọ. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Texas fohùn ṣọ̀kan pé Edgewood jàre, ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn tí àwọn ọmọ yẹn jáde ní kíláàsì. Ní 1993, Texas ṣe òfin tó ń gba lára owó-orí agbègbè ọlọ́rọ̀ fún ti tálákà. Ní Pennsylvania, agbègbè William Penn, nítòsí Philadelphia, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ níbẹ̀, tí owó-orí ilé sì ga gan-an, pẹjọ́ pẹ̀lú àwọn mìíràn ní 2014. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni Adájọ́ Renée Cohn Jubelirer tó dá wọn láre, nínú ìdájọ́ tó lé ní ojú ìwé 700. Ní 2024, àwọn aṣòfin gbà pé ohun tó kù kí ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà gbà tó bílíọ̀nù 4.5 dọ́là, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ní láti tún fọwọ́ sí i nínú ètò ìṣúná kó tó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ìwé agbègbè yín ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, ètò ìṣúná wọn kì í sì í ṣe àṣírí. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè iye tó ń wá láti orí ilé, iye tó ń wá láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, àti iye tí agbègbè tó wà ní òdìkejì ààlà ń ná lórí ọmọ kan.