Erin, kòkó àti pákó: ta ló ni Igbó Ọmọ?

Ẹ wo ọmọ kòkó yìí. Kò tíì ga tó orúnkún. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n gbìn ín sí, kí oòrùn má baà pa á. Ó máa tó bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, ṣùgbọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó gbin àgbàdo á kórè rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ó sì lè fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó gbin kòkó, ọmọ rẹ̀ ló ti ń gbìn ín dè. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ìpín ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Igbó Ọmọ wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 1925 ni wọ́n ti sọ ọ́ di igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, ó sì lé ní 130,000 hẹ́kítà. Ìjọba ń wá pákó níbẹ̀, àgbẹ̀ ń wá ẹgàn tó máa fi gbin kòkó, erin sì ń gbé inú rẹ̀. Erin gidi o, kì í ṣe ti inú àlọ́.

Ọgbọ́n kan tí àwọn tó ń mójú tó igbó dá ni èyí tí wọ́n ń pè ní taungya. Wọ́n á fún àgbẹ̀ nílẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀, á gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín ọmọ igi gmelina, igi kan tó tètè ń dàgbà, á sì máa bá wọn ro ó. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ewé igi bá ti pàdé lókè, ó yẹ kó kẹ́rù rẹ̀ kó lọ. Lórí ìwé, ó dára. Àmọ́ ẹni tó ti kọ́ ahéré, tó sì ti rọra ki kòkó bọ àárín iṣu, ṣé ẹ rò pé ó máa lọ?

Lójú tèmi, kì í ṣe olè ni púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ tí kò lọ yìí. Kòkó fẹ́ràn ilẹ̀ ẹgàn, ilẹ̀ oko àtijọ́ sì ti gbó, igi orí rẹ̀ náà ti dàgbà.

Erin kò mọ ààlà ní tiẹ̀. Ó ń jẹ èso igbó, ó sì ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ gbin kóró káàkiri. Bí oko bá dé ojú ọ̀nà rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ṣíji bo ọmọ kòkó yẹn ló máa kọ́kọ́ fà tu.

Ọ̀rọ̀ ọjà náà tún ti wọ̀ ọ́. Ní 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ náwó sí ni oko àtijọ́ tó wà lóde ààlà igbó ọba: kí wọ́n gé kòkó tó ti gbó, kí wọ́n tún òmíràn gbìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya ààlà sórí máàpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí àgbẹ̀ náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ láàárín ọdún mẹ́rin tí igi tuntun kò tíì so.