Ìbéèrè Àbúrò Mi Láti Èkìtì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Èkìtì pè mí síbí, ní Kánádà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí tèmi ni kò gba ìwé ni?" CGPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì gbogbo ẹ̀kọ́ tó ti ṣe, ti wálẹ̀ sí 1.9 nínú 5.0.

Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹrù ọmọ Èkìtì tó bá fìdí rẹmi wúwo, nítorí pé Orísun Ìmọ̀ ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa, wọ́n sì ní kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo gbòdo nínú ìṣirò, olùkọ́ kan sì ka orúkọ àwa tí a kò yege jáde ní kíláàsì, ó ní kí a padà sóko. Oko kòkó yẹn gan-an ni bàbá mi fi ń san owó ilé ìwé mi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lọ sí kíláàsì rẹ̀ mọ́. Mo ti gbà pé n kò ní lè ṣe é, n kò ṣí ìwé, ìwé tí n kò sì ṣí ló tún jẹ́ kí n gbòdo lẹ́ẹ̀kejì.

Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1977 pé iṣẹ́ tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yọrí ló ń fún un ní ìgbàgbọ́ pé òun lè ṣe é, ju ọ̀rọ̀ ìwúrí lọ. Ní 2003, Roy Baumeister, onímọ̀ bíi tirẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, wọ́n sì rí i pé gbígbé ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ sókè nìkan kì í gbé máàkì rẹ̀ sókè. Àṣeyọrí nínú ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń ṣíwájú. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé ìyá mi kì mí, ó gbàdúrà fún mi, ó dùn mọ́ mi dénú, síbẹ̀ ìwé mi wà ní pípadé. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló jókòó tì mí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí a ti ń wo òkè Olósùnta, tí a ń ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ keje, mo dá ọ̀kan yanjú. N kò lè ṣàlàyé bí ara mi ṣe yá tó.

Ìdí nìyí tí n kò fi yin àbúrò mi púpọ̀. Mo ní kó mú iṣẹ́ tó ń bà á lẹ́rù jù wá. Ó yanjú ìdajì ìbéèrè àkọ́kọ́, ó dákẹ́ pẹ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má tíì sọ ìyókù fún òun.