Ìdí Tí Paul Williams Fi Ń Ya Àwòrán Ilé Dorí Kodò

Ẹ tẹ́ bébà kan sórí tábìlì, kí ẹnì kan jókòó kó kọjú sí yín. Ẹ wá ya ilé fún un, ṣùgbọ́n òun ni kí àwòrán náà kọjú sí. Ilẹ̀kùn tó máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì yín lẹ máa yà á sí. Òrùlé á sún mọ́ àyà yín, ìpìlẹ̀ á wà lọ́hùn-ún. Ẹ gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré, ilé ìdáná ti bọ́ síbi tó yẹ kí pálọ̀ wà.

Ohun tí Paul Revere Williams, ayàwòrán ilé, fi kọ́ra nìyẹn ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Òyìnbó púpọ̀ ni kì í fẹ́ jókòó ti aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Tí tábìlì bá wà láàárín wọn, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ilé wọn bó ṣe ń yọ lórí bébà. Tó bá dé ibi iṣẹ́, á káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí ojú má baà ti ẹni tí kò fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìtìjú ẹlòmíràn ló ń bá wọn rù, ẹ jọ̀ọ́!

Ọdún 1894 ni wọ́n bí i. Kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Alágbàtọ́ ló wò ó dàgbà. Ó gbàwé àṣẹ ayàwòrán ilé ní 1921. Ní 1923, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí American Institute of Architects, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Amẹ́ríkà, gbà wọlé.

Nígbà tí E. L. Cord, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mọ́tò, ń wá ẹni tó máa ya ilé ńlá rẹ̀, àwọn yòókù bèèrè ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Williams ní kó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ó fi wákàtí 22 ṣiṣẹ́, kò sùn, kò jẹun, iṣẹ́ sì di tirẹ̀.

Ilé tó yà lé ní 2,000. Ó ya ilé fún Frank Sinatra, olórin. Ó ya ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, St. Jude, ní Memphis, tí wọ́n ṣí ní 1962, láìgba owó iṣẹ́. Àmọ́ àwọn àdúgbò kan wà tó ya ilé sí, tí ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ sọ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gbébẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 1948 pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fìdí irú ìwé bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ mọ́ ló tó kọ́ tirẹ̀ sí àdúgbò Lafayette Square, ní Los Angeles.

Ó kú ní 1980. Nígbà tí iná jó báǹkì tí wọ́n kó àwọn ìwé rẹ̀ kan sí ní 1992, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn àwòrán náà ti bá a lọ. Ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wà nígbà náà.